Ọjọ́ Tí Radoje Sọ̀kalẹ̀ Wá sí Perast

Bí ẹ bá bi Balša àti Vinka léèrè bí wọ́n ṣe fẹ́ ara wọn, ẹ̀rín ni wọ́n á kọ́kọ́ rín, wọ́n á sọ ọ́ ní gbólóhùn méjì, wọ́n á sì fo ibi tó dùn jù. Ẹ jẹ́ kí èmi sọ ọ́. Èmi Stane ni àǹtí ọkọ, èmi ni mo ṣe alárinà, èmi náà ni mo jókòó sí ẹ̀yìn mọ́tò lọ́jọ́ tí gbogbo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi Radoje, bíríkìlà ni. Kì í ṣe èyí tó ń to búlọ́ọ̀kù o. Òkúta ni tirẹ̀, òkúta tí yóò gbẹ́, tí yóò yí síwá sẹ́yìn títí yóò fi rí ojú tó yẹ kó kọ síta. Abúlé Njeguši ló ń gbé, lórí òkè tó ga ju Kotor, ìlú etí omi, lọ, níbi tí atẹ́gùn tútù ti ń gbẹ itan ẹlẹ́dẹ̀ ní àjà gbogbo ilé. Ìyàwó rẹ̀ kú nígbà tí Balša, ọmọ wọn kan ṣoṣo, wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà. Èmi tí mò ń ṣe nọ́ọ̀sì nísàlẹ̀ ní Kotor ni mo máa ń gba ọmọ náà sọ́dọ̀ ní gbogbo ọlidé. Ó lè jẹ́ èmi ni mo bà á jẹ́, nítorí nígbà tó dàgbà, kò fẹ́ kọ́ṣẹ́ òkúta. Ó di awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ń lọ tó ń bọ̀ létí omi, láti Kotor dé Risan. Perast wà lójú ọ̀nà náà.

Ìlú kékeré ni Perast, ilé òkúta tó dojú kọ omi, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Vinka ló ń ṣí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú náà láàárọ̀, òun náà ló sì ń mú àlejò káàkiri. Ní ọjọ́ kan nínú oṣù Karùn-ún, ó sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì Balša, ó gbàgbé ìdì kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n kọ orúkọ ilé náà sí lára sórí ìjókòó. Balša ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Risan kó tó rí i. Awakọ̀ tó bá fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ yóò dá a padà nígbà tó bá ń bọ̀. Balša yí bọ́ọ̀sì po lójú títì, pẹ̀lú èrò mọ́kàndínlógún nínú rẹ̀.

"Ṣé orí ẹ pé ṣá?" ìyá àgbà kan tó ń lọ yọ eyín pariwo. "Eyín ń pa mí kú lọ!"

"Ẹ má bínú, Màmá. Ìtàn odidi ìlú kan ló wà lọ́wọ́ mi yìí."

Ó bá Vinka níwájú ilẹ̀kùn, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, ogójì ọmọ iléèwé sì yí i ká tí wọ́n ń pariwo. Balša fò sílẹ̀, ó na kọ́kọ́rọ́ sí i.

"Ẹ yí bọ́ọ̀sì padà? Nítorí kọ́kọ́rọ́?"

"Ṣé kí n máa gbé e lọ ni?"

"Rárá o! Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun gan-an." Ó wo fèrèsé bọ́ọ̀sì, gbogbo ojú ló wà lára wọn. "Wọ́n ń dúró dè yín."

"Wọ́n ti bínú tán. Kò sí èyí tó tún lè ṣẹlẹ̀ mọ́."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Balša kì í ṣiṣẹ́. Láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ń ra tíkẹ́ẹ̀tì wọ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kọkànlá, Vinka ká apá mọ́ àyà.

"Ẹ ti wo yàrá yìí nígbà mọ́kànlá. Kí lorúkọ ọ̀gá ọkọ̀ tó wà nínú àwòrán yẹn?"

Balša wò yí ká bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. "Èwo ni àwòrán?"

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ èyí fún mi, ojú sì tì í bó ṣe ń sọ ọ́. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ti mú un.

Ọdún méjì kọjá kó tó láyà láti sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun fẹ́ fi Vinka ṣe aya. Radoje ń gbẹ́ òkúta lọ́wọ́ nígbà náà.

"Ọmọ ta ni?"

"Ọmọ Màmá Filomena ni, opó kan ní Perast."

"Ará etíkun. Kátólíìkì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ó tán nìyẹn," ni Radoje wí, ó sì ń gbẹ́ òkúta rẹ̀ lọ.

Ọmọ ìjọ Ọ́tọ́dọ́ksì ni wá, kì í ṣe ìjọ Kátólíìkì, láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Radoje kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹnì kan fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ náà kí ẹ wá rí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gòkè lọ bẹ̀ ẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ló di wàràkàṣì lé mi lọ́wọ́ pé kí n máa lọ sílé. Nígbà tí mo lọ nígbà kẹta, kò tiẹ̀ jẹ́ kí n jókòó.

"Ìwọ Stane, o tún dé. Bó bá jẹ́ ti ọ̀rọ̀ yẹn, ọ̀nà tí o gbà wá ṣì wà níbẹ̀ o."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo ọmọ yín. Ó ti gbẹ bí itan ẹlẹ́dẹ̀ tó wà lájà yín. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín. Ẹ sọ̀kalẹ̀ wá, kí ọmọbìnrin náà mú yín káàkiri ìlú rẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ tí ẹ sì ní rárá, mi ò ní dárúkọ rẹ̀ mọ́ láéláé."

Ó gbé òòlù sílẹ̀. "O búra?"

"Mo búra."

Nígbà tí mo sọ fún Balša, ó di orí mú. "Ẹ búra kẹ̀? Àǹtí, ẹ ti pa mí!"

Vinka tẹ̀ mí láago ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú. "Àǹtí Stane, mi ò lè jẹun. Kí ni Bàbá fẹ́ràn?"

"Òkúta."

"Kí ló tún fẹ́ràn?"

"Kí ènìyàn dákẹ́."

"Ha! Àǹtí, ọ̀rọ̀ sísọ ni iṣẹ́ mi!"

Balša ló wa mọ́tò lọ́jọ́ náà. Radoje wọ kóòtù dúdú tó máa ń wọ̀ lọ síbi ìsìnkú, ó gbé itan ẹlẹ́dẹ̀ odidi kan lé itan, torí kò sẹ́ni tó ń lọ sílé ẹni lọ́wọ́ òfo lọ́dọ̀ wa, ìbáà jẹ́ ilé ọ̀tá. Gbogbo ibi tí ọ̀nà ti wọ́, tí a bá tún rí omi bùlúù náà nísàlẹ̀, màá na ọrùn wò ó. Inú mi ń dùn bí ẹni pé èmi ni wọ́n fẹ́ gbé níyàwó. Ojú ọ̀nà nìkan ni Radoje ń wò.

Vinka ń dúró dè wá níbi tí wọ́n ti ń gbé mọ́tò sílẹ̀ lẹ́nu ìlú, ó wọ bàtà pẹlẹbẹ, ó mú ìwé kan dání tó ti kọ nǹkan kún. Ó kí Radoje tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Radoje mi orí.

Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé la kọ́kọ́ lọ. Vinka ti fi ọ̀sẹ̀ kan wá ohun tí yóò wọ bàbá létí.

"Bàbá, ẹ wò ó. Láyé àtijọ́, olú-ọba Rọ́ṣíà rán àwọn ọmọ ìjòyè rẹ̀ wá sí ìlú yìí láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tukọ̀ lójú òkun. Ọ́tọ́dọ́ksì bíi tiyín ni wọ́n."

"Wọ́n wá kọ́ṣẹ́," ni Radoje wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ tán, wọ́n padà sílé."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé wọ́n fẹ́yàwó níbí?"

"Mi ò... mi ò mọ̀, Bàbá."

"Wọn ò fẹ́. Ọlọ́gbọ́n èèyàn ni wọ́n."

Mo rí i tí Vinka ká ìwé rẹ̀ kékeré, tó sì kì í bọ àpò. Balša di ojú.

Lẹ́yìn náà ni ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tó ga fíofío láàárín ìlú. Ìsàlẹ̀ ni Vinka dúró, ó ń tọ́ka sókè, ó ń ṣàlàyé. Radoje ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn. Ó bojú wẹ̀yìn. "Ṣé ò ń bọ̀?"

Vinka wo òkè. Ó wo Balša. "Mò ń bọ̀, Bàbá."

A gùn ún, gùn ún, àtẹ̀gùn tóóró tó ń yí po. Èmi jókòó sí àárín, mo ní ẹsẹ̀ ń ro mí. Balša ń mí hẹlẹhẹlẹ. Radoje tó jẹ́ ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ti dókè tán. Nígbà tí mo máa fi dé ọ̀dọ̀ wọn, ó ń wo òkè àti omi, ojú rẹ̀ ti rọ̀ díẹ̀. Vinka fẹ̀yìn ti ògiri, ó funfun bí wàrà, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì lẹ̀ mọ́ òkúta.

Ẹ̀rù ibi gíga ń bà á! Ọdún márùn-ún ló fi ń mú àlejò wá síbẹ̀, kò gun ilé náà rí. Balša fẹ́ lọ dì í mú, ṣùgbọ́n Radoje ti rí i.

"Kúrò níbẹ̀," ló sọ fún ọmọ rẹ̀. Ó dúró níwájú Vinka. "Má wo ìsàlẹ̀. Ojú mi ni kó o máa wò. Mo ti wà lórí àkàbà láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá, mi ò já bọ́ rí. Gbé ẹsẹ̀ kan."

Ó wá ń fi ẹ̀yìn rìn sọ̀kalẹ̀, ó kọjú sí i, ó nawọ́ síwájú láìfọwọ́ kàn án, àtẹ̀gùn kan lẹ́yìn òmíràn. "Òmíràn. Ó dáa. Òmíràn." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí dé ilẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ Vinka kan ilẹ̀, ó bú sẹ́kún. Radoje yọ áńkáṣíìfù fún un, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

"Àǹtí," ni Balša sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sí mi létí, "ṣé èyí dáa àbí kò dáa?"

"Dákẹ́," ni mo wí. "Kí ó má baà gbọ́."

Ọkọ̀ ojú omi kékeré kan ló gbé wa lọ sí erékùṣù tó wà níwájú ìlú náà. Ẹni tí kò bá mọ̀, á rò pé Ọlọ́run ló dá a síbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará Perast ló fi òkúta kún òkun títí ilẹ̀ fi yọ, tí wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wọn lé e lórí. Títí dòní, lọ́dọọdún nínú oṣù Keje, wọ́n á tò lọ nínú ọkọ̀, wọ́n á ju òkúta sí i. Vinka kò mú ìwé jáde mọ́. Radoje ló ń béèrè.

"Àwọn òkúta yẹn, níbo ni wọ́n ti ń kó o?"

"Lẹ́sẹ̀ òkè, Bàbá."

"Òkè wo?"

Vinka tọ́ka yí ká. Òkè ló yí wa po, èyí tó ga lẹ́yìn èyí tó ga. "Àwọn wọ̀nyẹn. Gbogbo wọn ló so kọ́ra."

Radoje wo àwọn òkè náà yí ká. Àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo rò pé nǹkan ń ṣe é, mo ti fẹ́ di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú kí n ka bó ṣe ń lù. Ẹ̀rín ni! Ẹ̀rín tí mi ò rí lójú rẹ̀ láti ọdún pípẹ́.

"Stane! Ṣé o gbọ́? Orí òkè wa ni ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Kátólíìkì jókòó lé!"

"Ẹ rọra o, Bàbá," ni ọlọ́kọ̀ wí, "kí ẹ má lọ sọ pé ẹ fẹ́ gbà á padà."

Balša ti ń yọ̀. Ó tún fọwọ́ kan ìka Vinka lábẹ́ ìjókòó ọkọ̀, ó rò pé mi ò rí i. Èmi náà rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. A ti gbàgbé Filomena, ìyá Vinka.

Filomena ò tako wọn ní gbangba rí. Ó kàn ní òun fẹ́ rí àwọn èèyàn náà. Ìlẹ̀kẹ̀ iyùn wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí a ti erékùṣù dé, ó gbà wá sí yàrá òkè nínú ilé baba ọkọ rẹ̀, ilé ńlá kan tí àwọn ọ̀gá ọkọ̀ ìgbàanì kọ́. Ó gba itan ẹlẹ́dẹ̀, ó dúpẹ́, ó gbé e sí ibi tó jìnnà. Ó wá bu oúnjẹ fún wa, ìrẹsì tí omi dúdú tó wà nínú irú ẹja òkun kan ti sọ di dúdú kirikiri.

Radoje tẹjú mọ́ àwo. "Ó jóná?"

"Kò jóná. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn."

Ó jẹ ẹ́. Mo gbóríyìn fún un nínú ọkàn mi. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára ògiri tó wà lẹ́yìn Filomena.

"Ìyá, ògiri yín yẹn ti yọ ikùn."

"Ẹ ní kí ni?"

"Ó ti yọ ikùn. Ó ti wú síta, ó máa wó."

Filomena gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ọ̀gá ọkọ̀ ló kọ́ ilé yìí. Wọ́n ti rí gbogbo ayé kí àwọn ará òkè tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní bàtà."

"Màmá!" ni Vinka kígbe.

"Jẹ́ kí n sọ ọ́! Wọ́n fẹ́ mú ọ lọ síbi tí òjò dídì ti ń dí ọ̀nà, kó o lọ máa fún wàrà ewúrẹ́ fún awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Mi ò bí ọmọ fún ewúrẹ́!"

Ojú Radoje pọ́n. Ó dìde dúró. Mo ti ń wá báàgì mi, mo ní a ti ń lọ nìyẹn.

"Awakọ̀ bọ́ọ̀sì?" ló wí. "Kí ló ṣe ọmọ mi? Kì í mutí yó. Kò fọwọ́ kan ohun olóhun rí. Ọmọ mi yí bọ́ọ̀sì po pẹ̀lú èrò nínú rẹ̀ nítorí ọmọ yín! Ẹ lọ wá gbogbo etí omi yìí kí ẹ fi ẹlòmíràn tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ hàn mí! Ẹ̀yin ni kò fẹ́ ẹ? Ẹ̀yin?"

Ẹ ò rí ayé! Ọkùnrin tó mú mi búra! Ọkùnrin tó pe ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì náà ní ìwà òmùgọ̀ nígbà tí mo sọ ọ́ fún un! Mo fi aṣọ ìnuwọ́ bo ẹnu kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín mi.

Vinka kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀, ó rọ ohùn sílẹ̀. "Màmá, kí ló ń bà yín lẹ́rù gan-an?"

Filomena ti àwo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Yàrá mẹ́sàn-án ló wà nínú ilé yìí. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni mò ń gbọ́. Bó o bá lọ, kí ni mo fẹ́ máa gbọ́?"

Balša dìde. Ó kọjú sí Filomena.

"Màmá, kò ní lọ. Èmi ni màá wá."

Ẹ ní láti mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ lọ́dọ̀ wa lórí òkè. Ọkùnrin tó bá kó lọ sílé ìyàwó rẹ̀, orúkọ kan wà tí wọ́n máa ń pè é, kì í ṣe orúkọ tí ènìyàn ń fẹ́ gbọ́ níwájú àwọn ọmọ rẹ̀. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tún ni! Ẹ̀jẹ̀ kúrò lójú Radoje. Ó mú fìlà rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀, ó jáde.

Balša fẹ́ sáré tẹ̀lé e. Vinka dì í lápá. "Jẹ́ kí èmi lọ."

Ó bá a níbi tó jókòó sí lórí òkúta etí omi. Mo tẹ̀ lé e, mo fara pamọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ kan tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Ẹ má bú mi. Bí alárinà ò bá gbọ́, ta ló fẹ́ gbọ́?

"Bàbá, a ò jọ sọ ọ́. Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ ni."

"O mọ orúkọ tí wọ́n máa pè é?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Èmi náà ti pe ènìyàn bẹ́ẹ̀ rí. Mo pe Vukota, ọ̀rẹ́ mi, bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Ó dìde, ó lọ, kò padà wá sílé mi mọ́." Ó yí fìlà náà lọ́wọ́. "Ilé tèmi, yàrá mẹ́ta péré ni. Mo mọ ohun tí ìyá rẹ ń sọ."

Omi ń gbá òkúta. Vinka nu ojú.

"Bàbá, bí ẹ bá ní rárá, mi ò ní bá Balša sá lọ. Mi ò fẹ́ ọkọ tí yóò máa gbójú sókè lójoojúmọ́, tí yóò máa rò pé ẹnì kan ń bínú sí òun níbẹ̀. Mi ò sì ní fẹ́ ẹlòmíràn. Ohun tí mo ní láti sọ nìyẹn."

Mo fẹ́ fò jáde kí n ní kó má sọ bẹ́ẹ̀, ta ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún Radoje! Radoje wò ó títí.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí ló mú ọ gun ilé yẹn nígbà tó o mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà ọ́?"

"Ẹ bi mí pé ṣé mò ń bọ̀."

Radoje dìde. Ó padà sínú ilé, ó gun òkè, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó lọ bá ògiri, ó fi ìka kàn án, ó gbé etí lé e, ó mú ọ̀bẹ orí tábìlì, ó fi ha àárín òkúta méjì. Iyẹ̀pẹ̀ tútù já bọ́.

"Omi ti wọ ẹ̀yìn rẹ̀," ló wí. "Iṣẹ́ oṣù mẹ́ta ni. Ọjọ́ Ajé ni màá kó irinṣẹ́ mi dé. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ò ní sùn lábẹ́ ògiri tó yọ ikùn."

A ń wo ara wa. Filomena ló kọ́kọ́ yé.

"Ọmọ-ọmọ ta ni?"

"Tiwa," ni Radoje wí. "Ṣé kọfí ò sí nílé yìí ni?"

Balša gbá bàbá rẹ̀ mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀bẹ fi bọ́ sílẹ̀. Èmi ń sunkún, mò ń rẹ́rìn-ín, mo sì ń wá ibi tí kọfí wà.

Oṣù Karùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e la ṣe ìgbéyàwó. Radoje ní ohun kan ṣoṣo lòun fẹ́: kí a wá gbé ìyàwó ọmọ òun bó ṣe yẹ. A kó mọ́tò mẹ́tàdínlógún lọ sí Perast ní ọjọ́ Sátidé, pẹ̀lú àsíá àti fèrè ọkọ̀, a gbé Vinka gòkè, àlùfáà wa súre fún wọn, a jó títí gìgísẹ̀ bàtà mi fi já. Wọ́n sùn sí Njeguši ní alẹ́ ọjọ́ náà. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí àlùfáà tiwọn náà lè súre nísàlẹ̀, Radoje gbé àpótí ẹrù ọmọ rẹ̀ sínú mọ́tò, ó sì gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ Balša.

Àwọn ọkùnrin abúlé dúró létí ọ̀nà. Ọ̀kan nínú wọn ké orúkọ náà, orúkọ tí mo ní kò dùn ún gbọ́. Radoje rọra dúró, ó yọ orí síta.

"Òun ni," ló wí. "Èmi bàbá rẹ̀ ni mo sì ń wakọ̀ gbé e lọ. Ó ku nǹkan tí o tún fẹ́ sọ?"

Kò ku nǹkan kan. A sọ̀kalẹ̀.

Nígbà tí a dé ẹnu ilẹ̀kùn Filomena, àwọn ọ̀dọ́ ti ń jó wọlé. Radoje gbé àpótí náà sílẹ̀ kúrò nínú mọ́tò, ó dì í mú ní apá kan, ó dúró. Ọmọ kan ṣoṣo ni, mo ti sọ fún yín. Mo fẹ́ lọ bá a, ṣùgbọ́n Filomena jáde pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ iyùn rẹ̀ àti bàtà olówó ńlá, ó wo ojú rẹ̀, ó tẹ̀ ba, ó di apá kejì àpótí náà mú.

"Ẹ gbé apá tiyín, àna mi," ló wí. Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. "Ẹ jẹ́ kí a jọ gbé e wọlé."

Wọ́n gbé e wọlé.